Ẹ́ńjìnnì Eléèéfín tí Bàbá Mi Ṣe fún Pápá Kwami

Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: ní gbogbo Nyékonakpoè, àdúgbò wa ní Lomé, láti etí òkun títí dé ibi tí ojú irin ń gbà kọjá, kò sí agbolé tó ní rélùwéè tirẹ̀ àfi tiwa. Mo ń sọ ọ́, mo sì tún ń sọ ọ́. Àwọn tó kàwé jù mí lọ, tí wọ́n ń há ìwé ìròyìn Faransé sí abíyá kiri, wọn ò ní irú ẹ̀ nílé bàbá wọn. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó sọ fún tíṣà pé ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yòówù tó bá wù yín síwájú mi, mo máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí agbára ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dún kan tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ má bi mí pé ọdún wo. Ohun tí mo mọ̀ ni pé eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà, wọ́n ń kọ́ wa lórin tí a ó fi kí àwọn sójà níléèwé, ẹ́ńjìnnì eléèéfín tó kù kan ṣoṣo ní ibùdókọ̀ ojú irin sì dákẹ́ lọ́dún yẹn. Ó dùn mí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní ohun tó dára rí ni nǹkan lè dùn báyẹn.

Ariwo páànù ló ń jí wa. Alágbẹ̀dẹ páànù ni bàbá mi. Ẹ̀yìn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, fi gbé e wá sí Lomé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Àtùpà, àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, gárawá, agolo tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn gàrí: inú agolo tòmátì àti agolo mílíìkì tí àwọn ẹlòmíràn sọ nù ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá fa omi nínú kànga, màá gbá àgbàlá, màá wá jókòó ti òkúta pẹrẹsẹ kan, màá máa fi òòlù onígi lu agolo tí a ti là kó lè tẹ́. Kò, kò, kò. Nínú yàrá, Ìyá Àgbà á máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ti ya. Ní ìdojúkọ wa, Bàbá Sakíná, ará Pọ́bẹ̀, ayálégbé bíi tiwa, á máa da omi àlùwàlá láti inú kẹ́tù tí bàbá mi ṣe fún un, ṣéré-ṣéré. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni òkun ń hó, a ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, bí ènìyàn kì í ti í gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ìyá mi á bu ẹ̀kọ àkàsà fún wa láàárọ̀; lọ́sàn-án á ro àkùmẹ, ọkà àgbàdo tí àwọn ẹ̀yà Ewé ń jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé gbọ̀mà tó kún fún ẹja. Ìyá Àgbà kì í sì í jẹ́ kí a gbé àwo kankan kọjá ẹnu ọ̀nà láì nù ún. Bí ọbẹ̀ bá kán sí etí àwo báyìí, á ké sí ẹ padà. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni yóò wí, "ṣé kí wọ́n rí ìdọ̀tí wa níta?" Bàbá mi gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju òfin mẹ́wàá lọ. Àtùpà tí òjé tó fi jó páànù rẹ̀ pọ̀ bá ṣe kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní tà á. Á tú u, á tún un jó. Oníbàárà á dúró títí, á bínú lọ, á sì tún padà wá, nítorí kò sí àtùpà tó dà bíi tiwa.

Pápá Kwami ló ni ilé. Ewé ni, láti apá Kpalimé, ó sì ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin eléèéfín tí ń kó kòkó àti kọfí wá sí Lomé. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà tí mo gbọ́njú. Ó ní àga kan lábẹ́ igi máńgòrò. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lọ́nà ibùdókọ̀, á sọ ẹni tó ń wà á, á sọ bóyá ẹrù pọ̀, á sọ bóyá ẹni tó ń koná ń sùn. Àwa ọmọdé rò pé ó lójú lẹ́yìn orí. Bí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, bàbá mi á gbé àpótí ìjókòó lọ bá a, àwọn méjèèjì á máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì bí àwọn mìíràn ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Èdè Mina tí gbogbo Lomé ń sọ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, Yorùbá á bọ́ sí i, Faransé á bọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á jọ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, èmi á tẹ̀ lé wọn, wọn á kàn dúró níbẹ̀ máa wòran. Ìyá mi ní àgbàlagbà tó ń lọ wo ọkọ̀ tí kò ní wọ̀, kí ni ká ti pè é.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tuntun tí ń mu epo wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ eléèéfín, Pápá Kwami kò lọ wòran mọ́. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì. Afi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ránṣẹ́ láti abúlé pé òun ń bọ̀ wá mú un, kó má bàa ṣubú sínú kànga ní Lomé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá mi.

"Anago," ni ó wí, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀, "ó kù díẹ̀. Aró àti dúdú ti dà pọ̀ mọ́ra lójú mi. Pupa nìkan ni mo ṣì ń rí dáadáa. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n wọ́ èyí tó gbẹ̀yìn lọ, mi ò sí níbẹ̀. Mi ò ní rí èyí tó ń mí mọ́ kí ojú yìí tó dì."

"Ẹ máa rí i, Pápá."

"Níbo?"

"Nínú àgbàlá yín yìí."

Pápá Kwami rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Alágbẹ̀dẹ àtùpà! Ṣé ẹnu ọ̀nà yìí lo máa gbé ọkọ̀ gbà wọlé?"

"Ẹ ṣáà jókòó síbẹ̀. Kí Afi tó dé."

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ìdì aṣọ ni bàbá mi nà, tó fi etí rẹ̀ dúró, tó kàn mọ́ pátákó kéékèèké, tó fi yí igi máńgòrò po láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú irin nìyẹn. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ló gé sí méjì, ibẹ̀ ni ooru omi yóò ti máa ti irin síwá sẹ́yìn. Agolo mílíìkì mẹ́ta tí ó fi òjé jó pọ̀ ni ìkòkò omi rẹ̀. Ó kùn ún ní ọ̀dà pupa, pupa tó ń ta síni lójú, nítorí ojú ẹni tó fẹ́ wò ó. Kò sì jẹ́ kí Pápá Kwami fọwọ́ kàn án. Bí bàbá yẹn bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, bàbá mi á da aṣọ bò ó. "Ó kù, Pápá. Ó ṣì kù." Ohun tó kó ìjà wọlé ni iná. Èédú kò lè gbé inú rẹ̀, bàbá mi wá ra sódàbí, ọtí ọ̀pẹ líle tó ń jó bí epo, ó rọ ọ́ sínú àtùpà kékeré tí yóò wà lábẹ́ ìkòkò. Ìyá Àgbà gbóòórùn ọtí nínú ilé Onítẹ̀bọmi.

"Ta ló ń mutí níbí?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, Ìyá."

"Ẹ́ńjìnnì? Ìwọ náà ń sọ ọ́ lójú mi?"

Pápá Kwami gbọ́ láti abẹ́ máńgòrò. "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀ kó mu. Ìwọ̀nba rẹ̀ ló ń mu, kò dà bíi tèmi." Ó wá yíjú sí bàbá mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣùgbọ́n omi, Anago. Máa ṣọ́ omi. Bí omi bá tán nínú rẹ̀ tí iná ṣì ń jó, ìdí rẹ̀ á tú."

"Òjé tèmi? Ẹ lọ béèrè ní Kodjoviakopé bóyá àtùpà mi kan tíì jò rí."

Afi dé lọ́jọ́ kan, ó ní ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì làwọn máa bá lọ. Bàbá mi ní kò burú, ọ̀sán yẹn gan-an ni. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú irin, ó sì fi páànù ńlá kan dí i, kí ó lè jẹ́ pé ńṣe ni yóò kàn yọ lójijì, pupa, pẹ̀lú èéfín, yóò máa bọ̀ níwájú Pápá Kwami. Gbogbo agbolé pé. Ó dáná sí i. Ó mọ̀ pé omi kì í hó lọ́gán, ó wá fẹ́ fi àsìkò yẹn ṣe ohun tó yẹ. "Ìyá, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣí i fún wa." Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé wa ti mọ̀ pé àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Àgbà so ìborùn mọ́ra, ó ní kí gbogbo wa dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì. Ó dúpẹ́ fún Nóà tó kan ọkọ̀. Ó dúpẹ́ fún àwọn tó bí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Mo ń gbọ́ omi tó ń hó lẹ́yìn páànù, inú mi ń dùn. Ó wá kan ojú Pápá Kwami: "Ìwọ tó la ojú Bátíméù lẹ́bàá ọ̀nà, onílé wa rèé, ẹni tí kò lé wa rí nígbà tí ọwọ́ wa kò dẹ̀, Bàbá, fọwọ́ kan ojú rẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Híhó omi náà ti yí padà, ó ti di ohun tó ń ta pá-pá bí àgbàdo nínú agbada. Mo la ojú kan. Bàbá mi náà ti lajú, òógùn bò ó, ó ń wo páànù, ó ń wo ìyá rẹ̀. Mo fa ṣòkòtò rẹ̀, ó gbá mi lọ́wọ́ dànù. Ta ni yóò gba àdúrà lẹ́nu àgbà? Ìyá Àgbà ṣe àmín, a ṣe àmín, bàbá mi sì fò síwájú, àfi bí Bàbá Sakíná ṣe tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Àwa náà ní díẹ̀ láti sọ lórí onílé wa." Bàbá mi tún dúró. Ní àárín tèyí ni a gbọ́ gbì! Páànù wó. Òjé ti yọ́, agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti já, sódàbí ti dà sílẹ̀, iná aláró kékeré ń rìn lórí ojú irin.

Ìyá mi bu yanrìn sí iná náà. Bàbá Sakíná, tí kò mọ ìgbà tí ẹnu ń ṣe jẹ́ẹ́, béèrè bóyá ọkọ̀ ti dé Kpalimé nìyẹn, ìyá mi sì wò ó tó fi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo gbọ́ nígbà tí omi tán," ni Pápá Kwami wí láti orí àga.

"Ẹ gbọ́?" Bàbá mi ń kígbe. "Ẹ gbọ́, ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ìyá rẹ ń bá Mawu, Ọlọ́run wa, sọ̀rọ̀ nítorí ojú mi. Ṣé kí n ní kó panu mọ́?" Ó na ọwọ́ síwájú. "Gbé e wá kí n wò ó."

"Ó ti bàjẹ́, Pápá."

"Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi bọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó fi bo ẹ́ńjìnnì náà. Pupa ṣì wà lára rẹ̀ dáadáa, ìdí nìkan ni iná jẹ. "Kì í ṣe báyìí lẹ máa kọ́kọ́ rí i," ló wí, ó gbé e wọlé, ó tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, Afi mú bàbá rẹ̀ lọ. Bí mo bá rántí ọwọ́ àgbàlagbà yẹn tó nà síwájú, tí kò sí ẹni tó fi nǹkan sí i, èmi tí mo ní ọmọ tí mo sì ti ní ọmọ-ọmọ, mo máa ń fẹ́ bá bàbá mi jà, ṣùgbọ́n ó ti kú, kò sì sí ẹni tó bá a jà borí nígbà tó wà láàyè.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Agolo kò tún jọ ọ́ lójú. Ó wá idẹ, ó lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi fàdákà jó idẹ, èyí tí iná àtùpà kò lè yọ́ láéláé. Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí ọkọ̀ Kpalimé fi yà ní ṣọ́ọ̀bù wa. "Pápá Kwami kí yín o. Ó ní bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì yẹn rí, kí ẹ gbé e wá, òun ṣì ń rí pupa." Bàbá mi ní kó bá òun kí i, ó kù díẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn tún yà. "Ó ní bí oòrùn bá ràn dáadáa nìkan lòun ń rí i báyìí." Ó kù díẹ̀. Ìyá mi ń já ewé gbọ̀mà níbi tó jókòó sí, ó da ewé nù lọ́wọ́, ó fi orúkọ mi pè é.

"Bàbá Wálé, gbé èyí tó bàjẹ́ yẹn lọ. Ẹni tí ebi ń pa kì í béèrè bóyá etí àwo mọ́."

"Kí wọ́n wá sọ ní abúlé wọn pé alágbẹ̀dẹ Anago gbé àjókù páànù wá bá ẹni tó wa ojúlówó? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ojú ńkọ́? Ṣé ojú náà ń fi ẹ̀sọ̀ fọ́ ni?"

Bàbá mi padà sídìí idẹ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì tú ni Ìyá Àgbà ti sọ tirẹ̀ pé àdúrà òun kò ba nǹkan jẹ́, òjé ni kò ní ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń fi eérú nu idẹ, tó ń nù ún, tó tún ń nù ún, mo sì rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹta tí onítíkẹ́ẹ̀tì yà, ó ní Pápá Kwami kí wa. Ó tán. Kò mẹ́nu kan pupa.

Ẹ́ńjìnnì tuntun náà dára ju ohun tí mo lè fi ẹnu sọ lọ, ẹ sì ti rí i pé mo lẹ́nu. Ọ̀dà pupa ti àkọ́kọ́ náà ni bàbá mi fi kùn ún, ó yí máńgòrò po, ó ń mí fù, fù, fù, gbogbo Nyékonakpoè wá wòran, àwọn ọmọ tó ń pè mí ní ọmọ alágolo tẹ́lẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ káwọn wọlé. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn ń bẹ nínú mi títí di òní, ó kàn jẹ́ pé mi ò lè fọwọ́ kàn án láì kan ohun tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi fi àpò ìdọ̀họ wé e, ó kó ojú irin rẹ̀ sínú páálí, ó mú èmi dání, a wọ ọkọ̀ Kpalimé. Mo ń rántí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí, àwọn òkè tó ń dìde díẹ̀díẹ̀ níwájú, bàbá mi tó ń ṣí àpò fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, tó ń sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é." Ojú irin yẹn ti di koríko lónìí, wọ́n ń sá gbágùúdá lórí rẹ̀ láwọn ibì kan. Ẹ sọ fún ọmọdé pé ọkọ̀ kan gba ibẹ̀ kọjá rí, á rò pé ẹ̀yin lẹ mu sódàbí.

Pápá Kwami jókòó sórí ẹní níwájú ilé Afi. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbòòrò, kò sì yí sí ibi tí a ti ń bọ̀. Bàbá mi rí i, mo mọ̀ pé ó rí i, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó to ojú irin náà sórí ilẹ̀, ó rọ omi, ó dáná. Ẹ́ńjìnnì náà gbéra. Ó yí po, ó tún yí po, Pápá Kwami ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú etí, orí rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń mí," ló wí. "Akpé, o ṣeun, Anago. Ó ń mí dáadáa. Ṣé èyí tó tú lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Rárá, Pápá. Tuntun ni. Idẹ ni èyí. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀."

"Èyí yẹn ńkọ́?"

"Mo ti tú u. Mo ti lo páànù rẹ̀."

Àgbàlagbà náà mi orí. Kò bínú, ìbá sàn bó bá bínú. "Kò burú. Wá jókòó tì mí. Sọ ọ́ fún mi, kí n máa fi ọkàn wò ó."

Bàbá mi jókòó sórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bàbá mi! Ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ta àtùpà fún ẹni tó ń gbé nínú oòrùn. Ó sọ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó sọ ìkòkò omi, ó sọ èéfín bó ṣe ń ká lọ sókè, Pápá Kwami ń dáhùn "yoo, yoo" lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Pupa ni."

"Mo mọ̀ pé pupa ni. Pupa bíi kí ni?"

Bàbá mi la ẹnu. "Ó pupa bíi…" Ó wo ẹ́ńjìnnì náà, ó wo èmi, bí ẹni pé mo lè bá a mú ọ̀rọ̀ náà wá. Sódàbí ti jó tán nínú àtùpà, ẹ́ńjìnnì ti dúró, kò sí ẹni tó yíjú wò ó. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, ọ̀kan ń dúró de ọ̀rọ̀, èkejì ń wá a. Èmi tí mo lẹ́nu tó báyìí, láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bá bàbá mi wá a.